Ọwọ́ mi ti kúrò lára áyọ́ọ̀nù kí n tó mọ̀ pé ó jó mi, ta ló fà á?

Àbẹ̀kẹ́R

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ìbéèrè kan ń jà gùdù lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ sáyẹ́ǹsì dáadáa wà láàárín wa. Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni ìka mi bá lọ kan áyọ́ọ̀nù, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ ọwọ́ mi ti wà lókè, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ọ lára pé ó ti jó mi, mo wá figbe ta. Mi ò rò ó, mi ò pinnu ẹ̀, mi ò rán ọwọ́ mi níṣẹ́ kankan. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n látilẹ̀ ni pé nǹkan á dun èèyàn, èèyàn á wá fa ọwọ́ kúrò torí pé ó dùn ún. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ, ìrora ló tẹ̀lé e. Ta ló wá fa ọwọ́?

Ìkejì tún wà tó jọ ọ́. Téèyàn bá fi ìka ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ kíyè sí i, ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ti gbá nǹkan, gbàù, lẹ́yìn náà ìrora kan tó mú ṣáṣá á dé, á sì tètè lọ, tó bá wá yá díẹ̀ ni òmíràn á dé tó ń jó, tó ń ro, tí kì í lọ bọ̀rọ̀, òun gan-an ló máa ń jẹ́ kéèyàn di ẹsẹ̀ mú kó máa fò lórí ẹsẹ̀ kan. Mo máa ń ráyè sọ lọ́kàn mi pé "ó ń bọ̀ o" kó tó dé. Ibì kan náà ni mo fi gbá a, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbá a, kí ló dé tí kò fi dé lẹ́ẹ̀kan náà?

Ṣé ọpọlọ ló lọ́ra ni àbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọpọlọ tiwọn lọ́tọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò ka sáyẹ́ǹsì kọjá sẹ́kọ́ńdìrì.

Tísà_Bàọ́lọ́jì

Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, abẹ́ omi tútù tó ń ṣàn lẹ máa kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sí fún nǹkan bíi 20 mínítì kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun pa á.

Okùn tó wà nínú ògóóró ẹ̀yìn yín ló fa ọwọ́ yín. Ọpọlọ ò tíì gbọ́ nígbà yẹn, ìrora náà ò sì tíì sí.

Ẹ jẹ́ n tò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nínú awọ ara wa, òpin àwọn nááfù kan (nááfù ni fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara) wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ooru. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tín-íntín kan lára tó máa ń ṣí tí ooru bá kọjá bíi 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn níbi tí ooru ti fẹ́ máa ba ẹran ara jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá ilẹ̀kùn yẹn rí ni David Julius ní Amẹ́ríkà, òun àti Ardem Patapoutian tó ṣiṣẹ́ lórí bí ara ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan òun ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí báyìí, ìròyìn ti gbéra nìyẹn, ó gba inú apá lọ sí èjìká, ó wọ inú ògóóró ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ọrùn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ló sì gbà wọlé. Gbogbo ìròyìn tó bá ń ti ara bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọ inú okùn yẹn, gbogbo àṣẹ tó bá ń lọ sọ́dọ̀ iṣan, ẹ̀gbẹ́ iwájú ni wọ́n ń gbà jáde, wọn kì í gba ojú ọ̀nà ara wọn. Charles Bell ọmọ Scotland rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí ní 1811, François Magendie ọmọ Faransé wá fìdí gbogbo ẹ̀ múlẹ̀ ní 1822, àríyànjiyàn ńlá ló sì dá sílẹ̀ nígbà yẹn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i.

Nínú okùn yẹn, ìròyìn ooru bá àwọn sẹ́ẹ̀lì alárinà pàdé, alárinà sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan apá, ìyẹn gba iwájú jáde, iṣan sún kì, ọwọ́ ti kúrò. Gbogbo ẹ̀ ò tó ààbọ̀ sẹ́kọ́ọ̀ndù. Ní gbogbo àsìkò yẹn náà, ìròyìn kan náà ń gòkè lọ sí ọpọlọ torí pé ọpọlọ gbọ́dọ̀ mọ̀, àmọ́ ọ̀nà jìn, ó sì máa gba ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan kọjá kó tó di pé ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ pé nǹkan ṣe yín. Ìkìlọ̀ lásán ló kúrò ní ìka yín. Inú ọpọlọ ló ti di ìrora.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí o. Okùn yẹn ò kàn ní kí iṣan iwájú apá sún kì, ó tún máa ń sọ fún iṣan ẹ̀yìn apá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kó tú ara ẹ̀ sílẹ̀, torí tí méjèèjì bá ń fà á pọ̀ apá ò ní lè lọ síbì kankan. Charles Sherrington ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú àwọn nǹkan báyìí, ó sì gba Nobel ní 1932. Tó bá wá jẹ́ ìṣó lẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbéra sókè, ẹsẹ̀ òsì á sì le gbagidi lójú ẹsẹ̀ kó lè gbé gbogbo ara dúró, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ṣubú lu ìṣó yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tó ráyè ro ìyẹn o, inú okùn lásán ni gbogbo ètò ẹ̀ wà.

Ọpọlọ lágbára lórí ẹ̀ ṣá. Tí ẹ bá mọ̀ pé nọ́ọ̀sì fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ máa na apá kalẹ̀, apá ò sì ní sá, torí ọpọlọ ti ránṣẹ́ wá sísàlẹ̀ pé kí okùn mú sùúrù. Ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ tí omi gbígbóná wá ta sí lápá ò ní ju ọmọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ti ìka ẹsẹ̀ yẹn, nááfù oríṣiríṣi ló ń gbé e, bí wọ́n ṣe ń yára ò sì dọ́gba. Níkẹ̀ẹ́ mọ ìyẹn jù mí lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká dúró dè é.

Ṣẹ́gun_Oníná

Tísà, ẹ kú àlàyé, ó yé mi dáadáa àfi ibì kan. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ti máa ń gbọ́ pé iná ló ń gbé ìròyìn nínú ara. Tó bá jẹ́ iná ni, kí ló wá ń jẹ́ pé ọ̀nà jìn? Ẹ tẹ súwíìṣì, gílóòbù ti tàn, ì báà jẹ́ pé wáyà yẹn gba òpin ọ̀nà wá. Láti ẹsẹ̀ dé orí èèyàn ò tó mítà méjì, kò yẹ kí iná tiẹ̀ mọ̀ pé òun rìn níbẹ̀ rárá. Èmi rò pé inú ọpọlọ ni ìdádúró yẹn wà, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níkẹ̀ẹ́_N

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ kú iṣẹ́. Bí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé náà ṣe rò ó nìyẹn títí di nǹkan bíi 1850, wọ́n gbà pé ìròyìn inú nááfù yára débi pé kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Johannes Müller, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó lórúkọ jù ní Jámánì nígbà yẹn, sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iléèwé ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Hermann von Helmholtz, ló wá wọ̀n ọ́n. Ó mú nááfù ẹsẹ̀ àkèré pẹ̀lú iṣan tó so mọ́ ọn, ó fi iná kékeré ta á níbi tó sún mọ́ iṣan, ó wo bó ṣe pẹ́ tó kí iṣan tó sún kì, ó tún ta á níbi tó jìnnà díẹ̀ sí iṣan, ó sì rí i pé ti ẹ̀ẹ̀kejì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó rí ò ju nǹkan bíi 30 mítà ní sẹ́kọ́ọ̀ndù kan. Ohùn tí ẹ fi ń pe èèyàn nínú afẹ́fẹ́ yára ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ká má tíì sọ ti iná wáyà.

Ìdí ẹ̀ ni pé bí iná ṣe ń rìn nínú ara yàtọ̀ pátápátá sí tinú wáyà, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ níbí torí pé ibi tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Níúrọ̀n ni sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn, axon sì ni apá ẹ̀ tó gùn lọ bí okùn. Sódíọ́mù àti pọtásíọ́mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé iná dání, ló wà níbẹ̀: sódíọ́mù pọ̀ níta níúrọ̀n, pọtásíọ́mù pọ̀ nínú ẹ̀, ara níúrọ̀n sì ní àwọn ẹ̀rọ tín-íntín tó ń ju sódíọ́mù mẹ́ta síta tí wọ́n bá kó pọtásíọ́mù méjì wọlé, tọ̀sán tòru, kódà téèyàn bá sùn. Torí ẹ̀, tí níúrọ̀n bá ń sinmi, agbára iná inú ẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi 70 mílífóòtì rẹlẹ̀ sí ti ìta. Bí ìròyìn bá ta á báyìí, ilẹ̀kùn sódíọ́mù á ṣí, sódíọ́mù á rọ́ wọlé gìrìgìrì, inú tó rẹlẹ̀ á wá ga ju ìta lọ fún ìgbà tó kéré gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ọ̀ndù, gíga tó ga yẹn ló máa ṣí ilẹ̀kùn tó wà níwájú ẹ̀, ìyẹn náà á ṣí èyí tó tẹ̀lé e, títí tó fi máa dé òpin axon. Ẹ ṣe rí i pé kì í ṣe iná kan ló ń sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń dá a sílẹ̀ lákọ̀tun, ìyẹn ló sì ń gba àsìkò. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, bó ṣe lágbára tó nígbà tó kúrò ní ìka ẹsẹ̀ náà ló ṣe máa lágbára tó tó bá dé ẹ̀yìn. Nǹkan tó dùn gan-an àti nǹkan tó dùn díẹ̀, bákan náà ni ìròyìn wọn ga, èyí tó dùn gan-an kàn máa ń wá léraléra láìdúró ni. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ló ṣàlàyé gbogbo bó ṣe ń lọ ní 1952, wọ́n lo ẹran inú òkun kan tó ń jẹ́ squid torí pé axon tiẹ̀ tóbi débi téèyàn lè kì wáyà bọ̀ ọ́ nínú. Nobel 1963 ni tiwọn.

Ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin mọ rọ́bà ara wáyà. Àwọn níúrọ̀n kan ní irú ẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi wé wọn yíká ní ìpele ìpele, myelin lorúkọ ẹ̀, àmọ́ yàtọ̀ sí ti wáyà, ó máa ń fi àlàfo tín-íntín sílẹ̀ níbi níbi, ìròyìn wá ń ti inú àlàfo kan fò bọ́ sínú òmíràn dípò kó máa ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sanra tó sì ní myelin ló ń yára jù, àwọn kan ń dé 120 mítà ní sẹ́kọ́ọ̀ndù. Èyí tó bá tín-ín-rín tí kò ní myelin rárá, ó lè máà ju mítà kan lọ, bí ẹni tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó yá, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì yín. Láti ìka ẹsẹ̀ dé ibi tí nááfù ti wọ inú ògóóró ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Èyí tó ń gbé ìfọwọ́kàn ní myelin tó nípọn, ẹ fún un ní 60 mítà ní sẹ́kọ́ọ̀ndù, ó ti dé kó tó di ìdá kan nínú àádọ́ta sẹ́kọ́ọ̀ndù, ìyẹn gbàù yín. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni nááfù ìrora tó ní myelin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi 15 mítà, òun ló gbé èyí tó mú ṣáṣá wá. Èyí tí ò ní myelin rárá wá ń bọ̀ lẹ́yìn ní mítà kan ní sẹ́kọ́ọ̀ndù kan, ó máa lo odindi sẹ́kọ́ọ̀ndù kan lójú ọ̀nà kó tó dé ẹ̀yìn lásán, òun ló ní jíjó àti ríro tí ẹ ń retí yẹn. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn gbéra o. Tó bá jẹ́ ètè lẹ fi gbá nǹkan, ọ̀nà kúrú débi pé ẹ ò ní ráyè sọ pé ó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, òótọ́ ni pé ọpọlọ náà ń lo àsìkò, níúrọ̀n tó wà nínú ẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ odindi sẹ́kọ́ọ̀ndù tó ń kù yẹn, ojú ọ̀nà ló ti ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì gba gbogbo ọ̀nà yẹn o! Ẹ̀gbẹ́ ògóóró ẹ̀yìn ni ìdí ẹ̀ wà, ó na apá kan lọ dé ìka ẹsẹ̀, ó na ìkejì wọ inú okùn. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú ò lè rí ìbú ẹ̀, tó sì gùn tó mítà kan. Mo ti ń ka nípa ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ṣẹ́gun_Oníná

Ó yé mi wàyí, ó yé mi gan-an, pàápàá ibi tí ẹ ti ní wọ́n ń dá a sílẹ̀ lákọ̀tun. Ìbéèrè kan ló kù: tó bá jẹ́ pé myelin dára tó báyìí, kí ló dé tí ara ò fi wé gbogbo wọn?

Níkẹ̀ẹ́_N

Ààyè ni, àti oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì máa jẹ. Tí gbogbo wọn bá sanra tí a sì fi myelin wé gbogbo wọn, ibo ni nááfù apá kan máa gbà wọ inú apá? Ẹ tún wo iṣẹ́ tí èyí tó lọ́ra yẹn ń ṣe. Òun kọ́ ló ń gba ọwọ́ là, okùn ẹ̀yìn ti ṣe ìyẹn tán kó tó dé. Tiẹ̀ ni pé kó máa rán èèyàn létí fún ọ̀pọ̀ wákàtí pé ibí yìí ti bàjẹ́, má gbé nǹkan lé e, má fi tẹlẹ̀, títí tó fi máa san. Iṣẹ́ yẹn ò gba ìkánjú.

Ìfọwọ́kàn àti bí ẹsẹ̀ ṣe dúró sílẹ̀ ló gba ìkánjú. Téèyàn bá yọ̀ nílẹ̀, tí ìròyìn yẹn bá fi pẹ́ díẹ̀, ó ti ṣubú. Àrùn kan wà tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń bá myelin inú ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn jà, multiple sclerosis, ẹni tó ń ṣe lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú ẹ̀ lè máa ṣú, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́R

Ẹ̀yin tèmi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín. Mo ti ka ti Níkẹ̀ẹ́ yẹn ní àkàtúnkà. Ẹ jẹ́ n bi yín ní méjì sí i. Kí ló dé tó jẹ́ pé téèyàn bá fọwọ́ pa ibi tó gbá yẹn, tó ń rá a, ó máa ń dínkù? Ìkejì, Tísà ní inú ọpọlọ ni ìrora ti ń di ìrora, ṣé ọpọlọ fúnra ẹ̀ máa ń dun èèyàn? Ẹ̀fọ́rí ńkọ́?

Tísà_Bàọ́lọ́jì

Ti rírá yẹn, ọwọ́ tí ẹ fi ń rá a ń ta àwọn nááfù ìfọwọ́kàn tó yára yẹn jí, àwọn àti ìrora jọ ń wọ ojú kan náà nínú okùn ẹ̀yìn ni, ìfọwọ́kàn á wá dí ìrora lọ́wọ́ níbẹ̀, ohun tó máa ráyè gòkè lọ bá ọpọlọ á dínkù. Ronald Melzack àti Patrick Wall ló gbé àlàyé yìí jáde ní 1965, wọ́n ti tún apá kan nínú ẹ̀ ṣe látìgbà yẹn, àmọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ ṣì dúró. Nítorí náà ẹ máa rá a o, kì í ṣe ìtànjẹ.

Ọpọlọ fúnra ẹ̀ ò ní nááfù ìrora kankan nínú. Èyí máa ń ya èèyàn lẹ́nu àmọ́ òótọ́ ni. Awọ tó bo ọpọlọ ní, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká ní, iṣan orí àti ti ọrùn ní, àwọn yẹn ni ẹ̀fọ́rí ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi lè pa awọ orí lára kó kú, kí wọ́n ṣí agbárí, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ nígbà tí aláìsàn lajú sílẹ̀ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n má baà lọ gé ibi tó ń lò fún ọ̀rọ̀ sísọ. Wilder Penfield ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Montreal ní Kánádà láti àwọn ọdún 1930, ó ń fi iná kékeré kan ojú ọpọlọ ní ibi kọ̀ọ̀kan, aláìsàn á ní ọwọ́ òun ló ń ṣe òun yìí, ètè òun nìyí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ya àwòrán ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan wà lórí ọpọlọ. Ibi tó jẹ́ ti ìka ọwọ́ àti ti ètè tóbi ju ti gbogbo ẹ̀yìn èèyàn lọ.

Àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ máa ń sọ pé ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ yẹn ń ro àwọn. Wọn ò purọ́. Ẹsẹ̀ ti lọ, ibi tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ọpọlọ ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Mopé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, inú mi dùn sí bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé yìí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi látinú wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ okùn ẹ̀yìn tí Tísà sọ yẹn, ó máa ń fa ìbànújẹ́ fún àwọn ẹbí. Ẹni tí okùn ẹ̀yìn ẹ̀ já nínú ìjàǹbá mọ́tò, tí kò mọ nǹkan kan mọ́ láti ìdí lọ sísàlẹ̀, tó bá yá ẹ lè fọwọ́ ha àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kí ẹsẹ̀ fà sẹ́yìn lójijì. Àwọn ẹbí tó wà níbẹ̀ á hó yèè, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ti ń jí, àwọn kan á máa dúpẹ́. Ẹni tó ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Apá ìsàlẹ̀ okùn yẹn ṣì wà láàyè, ó ń dá iṣẹ́ tiẹ̀ ṣe, ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sọ́pọlọ ló ti gé. Mo máa ń jókòó ti irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fara balẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, torí pé tí wọn ò bá tètè mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa ro pé aláìsàn ò gbìyànjú ni. Nááfù apá àti ti ẹsẹ̀ tó bá já lè tún hù díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́, àmọ́ ti inú okùn ẹ̀yìn àti ti ọpọlọ kì í hù padà bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí dókítà eyín máa ń gún èèyàn, ilẹ̀kùn sódíọ́mù tí Níkẹ̀ẹ́ sọ ló ń tì pa. Àwọn nááfù ìrora tó tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣì máa mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan lẹ́nu yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn yín. Ẹ má bẹ̀rù nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́.

Ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀tẹ̀ bá ti ba nááfù ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́, ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣó kó máa rìn lọ, kó jẹ́ pé alẹ́ tó bọ́ bàtà ló máa rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi ojú wò ó, kó má dúró de ìrora.

Ṣẹ́gun_Oníná

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o. Tí èmi bá ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ìdí pẹ́, tó kú, tó wá ń gún mi bí mo bá dìde, ṣé ìyẹn náà wà lára nááfù tó ń bàjẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Mopé

Rárá o, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jókòó lé nááfù àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, ìròyìn ò lè kọjá dáadáa, ẹsẹ̀ wá kú. Bí ẹ bá dìde, nááfù á máa jí padà, bó ṣe ń jí ló ń rán ìròyìn tí kò lórí tí kò nídìí lọ sókè, ọpọlọ wá ń gbọ́ ọ bí abẹ́rẹ́. Kò ní pẹ́ tó máa lọ.

Èyí tó yẹ kó já èèyàn láyà ni èyí tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan tó kú lójijì, tàbí tó rọ, ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ìyẹn lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibì kan nínú ọpọlọ mọ́. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ara lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tí ara ń lò, kò sì ní ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ sí, torí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á ti máa kú. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dun èèyàn rárá, Tísà ti sọ ìdí ẹ̀, kò sí nááfù ìrora níbẹ̀. Torí pé kò dùn wọ́n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń lọ sùn, wọ́n á ní tó bá di àárọ̀ á ti lọ. Ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sọ́sìbítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí aago tó lù nígbà tó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.